FREDERICK TAYLOR ÀTI Ọ̀BẸ ÌGÉRIN

Àwọn àgbà ní bí ọ̀bẹ ti wù kí ó mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ìtàn ọkùnrin yìí fi òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà hàn.

Ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà ni a bí Frederick Winslow Taylor sí ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹta, 1856. Ọmọ olówó ni. Ó yege ìdánwò àtiwọ Harvard, ṣùgbọ́n ojú ń dùn ún, ó sì lọ kọ́ṣẹ́ ọwọ́ ní 1874. Ní 1878 ó di lébìrà ní ilé iṣẹ́ irin Midvale. Kò pẹ́ tí ó fi di olórí òṣìṣẹ́.

Níbẹ̀ ni ó ti rí i pé kò sí ẹni tí ó lè sọ ìgbà tí ojú ọ̀bẹ ìgérin yóò kú. Bí ẹ̀rọ bá sáré jù, ọ̀bẹ a kú kíákíá. Bí ó bá rọra jù, iṣẹ́ a falẹ̀. Ọdún 26 ni Taylor fi wádìí ọ̀rọ̀ náà, irin tí ó gé sí wẹ́wẹ́ sì ju 350,000 kílò lọ. Òun àti Maunsel White ní Bethlehem rí ọ̀nà láti fi iná ńlá se irin ọ̀bẹ, tí yóò máa mú síbẹ̀ bí ó tilẹ̀ pọ́n bí ẹyin iná. Aráyé rí i ní Paris ní 1900. Ní 1906 ó gbé òfin rẹ̀ jáde: bí eré bá lé díẹ̀, ọjọ́ ayé ọ̀bẹ a dínkù púpọ̀. Àwọn tí ń fi ẹ̀rọ kékeré aláìníwáyà ṣọ́ ọ̀bẹ lónìí, tí wọ́n ń gbọ́ bí ó ti ń gbọ̀n, ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń tọ̀.

Ṣùgbọ́n Taylor kò dúró lórí irin. Ó gbé aago ti àwọn òṣìṣẹ́ pẹ̀lú. Ní oṣù Kẹjọ, 1911, àwọn tí ń da irin ní ilé iṣẹ́ ohun ìjà ìjọba ní Watertown kọ̀ jálẹ̀, wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ aṣòfin sì pe Taylor wá wí tẹnu rẹ̀.

Mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí, síbẹ̀ mo ń bá a jà. Ọ̀bẹ kì í bínú, ènìyàn ń bínú. Ọ̀bẹ kò fẹ́ kí a bi òun léèrè, ènìyàn fẹ́. Taylor kú ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹta, 1915, ní ọjọ́ kejì tí ó pé ọmọ ọdún 59. Bí ọgbọ́n rẹ̀ ti mú tó, ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ni èkù rẹ̀. Kí àwa tí a ó di ọ̀gá lọ́la má gbàgbé.