Taha Hussein: Ọmọ Afọ́jú Tó Di Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́

Ẹni tó bá ti ka ìwé Al-Ayyām nílé-kéwú yóò mọ Taha Hussein. Ọdún 1889 ni wọ́n bí i ní abúlé kan lẹ́bàá Maghagha, ní Íjíbítì. Ojú ń dùn ún ní kékeré. Onígbàjámọ̀ ló tọ́jú rẹ̀, ojú náà sì fọ́. Ó há Kùránì sórí, ó gbàgbé rẹ̀, ojú tì í níwájú bàbá rẹ̀, ó sì tún un há.

Ní 1902 ó wọ Al-Azhar. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kò tẹ́ ẹ lọ́rùn mọ́, ó gba yunifásítì tuntun ní Káírò lọ. Ẹlòmíràn ló ń kàwé sí i létí. Òun ń fi ọpọlọ gbé e. Ní 1914 ó gboyè ọ̀mọ̀wé níbẹ̀, ó tún gba òmíràn ní Paris.

Ìwé rẹ̀ kan ní 1926 bí àwọn onímímọ̀ nínú, a kò níí fi ìyẹn pamọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó di mínísítà ní 1950, ó sọ ẹ̀kọ́ girama di ọ̀fẹ́ fún ọmọ tálákà. Ó kú ní 1973.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má fi ọmọ afọ́jú ṣe alágbe. Ẹ wá ẹni tí yóò máa kàwé sí i létí. Kí Ọlọ́hun ràn wá lọ́wọ́. Àmín.