Ládòkè Akíntọ́lá àti Asọ̀rọ̀mágbèsì

Yorùbá kì í dédé fún nǹkan lórúkọ. Nígbà tí rédíò kọ́kọ́ dé ilẹ̀ wa, àwọn baba wa wò ó, wọ́n gbọ́ bí ó ti ń sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́. Wọ́n rí i pé bí ènìyàn yìn ín, bí ó bú u, bí ó bi í léèrè ọ̀rọ̀, kò níí dá a lóhùn. Wọ́n bá sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Ọ̀pọ̀ nínú àwa akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ka orúkọ yìí sí àwàdà lásán. Bí a bá fara balẹ̀ yẹ ìgbésí ayé Olóyè Samuel Ládòkè Akíntọ́lá wò, a ó rí i pé àwọn baba wa ti dá ẹjọ́ kan sínú orúkọ náà. Ọkùnrin yìí mọ ọ̀rọ̀ọ́ sọ, ó mọ̀ ọ́n kọ, ó sì ṣe àkóso ẹ̀rọ tí ń gbé ọ̀rọ̀ kiri. Ọ̀rọ̀ ni ó gbé e dé ipò gíga. Nígbà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì gba èsì mọ́, nǹkan bàjẹ́ fún un àti fún ilẹ̀ Yorùbá.

Ìlú Ògbómọ̀ṣọ́ ni a ti bí Akíntọ́lá ní oṣù Keje ọdún 1910. Oníṣòwò aṣọ ni baba rẹ̀, Akíntọ́lá Akínbọ́lá. Àkànkẹ́ ni orúkọ ìyá rẹ̀. Ọmọdé ni nígbà tí òwò gbé baba rẹ̀ lọ sí Minna ní Òkè Ọya. Ibẹ̀ ni ó ti kọ́kọ́ fojú kan ilé-ìwé, ibẹ̀ náà ni etí rẹ̀ ti là sí èdè Haúsá àti èdè Nupe. Ní 1922 ó padà wá sọ́dọ̀ baba baba rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ Onítẹ̀bọmi. Ní 1925 ó wọ Baptist College ní ìlú náà.

Ẹni tí ó bá ná Ọjà Igbó ní Ògbómọ̀ṣọ́ rí mọ̀ pé iye tí a kọ́kọ́ dá lé ọjà kọ́ ni iye tí a ó san. Ẹni tí ń tà á yóò sọ tirẹ̀, ẹni tí ń rà á yóò sọ tirẹ̀, ọ̀rọ̀ yóò máa lọ, yóò máa bọ̀, títí ohùn wọn yóò fi ṣe ọ̀kan. Bí ẹni tí ń tà bá le koko jù, oníbàárà rẹ̀ yóò kọjá sí ìsọ̀ kejì. Ọ̀rọ̀ tí ó ní èsì nínú báyìí ni ọmọ oníṣòwò yìí gbọ́ dàgbà, kò sì sí ẹni tí ó mọ Akíntọ́lá tí kò mọ̀ pé ó gba oyè nínú rẹ̀. Òwe ń tẹ̀lé òwe lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀fẹ̀ ń tẹ̀lé ẹ̀fẹ̀, ẹni tí ó sì fi ọ̀rọ̀ rọ́ lára a máa rẹ́rìn-ín kí ó tó mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí.

Láti 1930 títí di 1942 ni ó fi ṣe olùkọ́ ní Baptist Academy ní Èkó. Lẹ́yìn tí ó ṣe iṣẹ́ díẹ̀ ní iléeṣẹ́ Rélùwéè, ó bọ́ sínú iṣẹ́ ìwé ìròyìn. Ní 1943 ó di olóòtú Daily Service, ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ Nigerian Youth Movement, ní ipò tí Ernest Ikoli ti wà ṣáájú rẹ̀. Òun náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí olùdásílẹ̀ Ìwé Ìròhìn Yorùbá tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1945. Iṣẹ́ ìwé ìròyìn ní èsì tirẹ̀ pẹ̀lú. Bí Daily Service bá sọ̀kò ọ̀rọ̀ lónìí, West African Pilot ti Nnamdi Azikiwe lè sọ tirẹ̀ padà lọ́la, ẹni tí ó bá sì ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́ lè ra méjèèjì kí ó gbé wọn yẹ̀ wò. Ní 1946 Akíntọ́lá lọ sí ìlú Òyìnbó, ó kọ́ ètò ìṣèjọba, ó kọ́ ìmọ̀ òfin, ó sì padà dé ní 1950 gẹ́gẹ́ bí agbẹjọ́rò. Ohun tí òfin Gẹ̀ẹ́sì fi kọ́ ọ níbẹ̀, Yorùbá ti ní in tẹ́lẹ̀: agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Ẹ jẹ́ kí a wo irú rédíò tí ó wà nígbà náà. Ní 1935 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà gbé ìròyìn wọ inú ilé ní Èkó, ó sì dé Ìbàdàn ní 1939. Àpótí kékeré kan ni wọn yóò fi kọ́ ara ògiri, wáyà yóò ti orí òpó wá sínú rẹ̀, onílé yóò sì máa san owó lóṣooṣù. Onílé kò lè yan ilé-iṣẹ́ tí yóò gbọ́. Ohun tí ìjọba bá fi ránṣẹ́ ni yóò gbọ́, àfi bí ó bá pa á. Kódà nígbà tí a dá Nigerian Broadcasting Service sílẹ̀ ní 1951, abẹ́ ìjọba ni ó wà.

Akíntọ́lá fúnra rẹ̀ jìyà asọ̀rọ̀mágbèsì yìí. Ní òpin oṣù Kẹta ọdún 1953, Anthony Enahoro dá àbá ní ilé aṣòfin l'Ékòó pé kí Nàìjíríà gba òmìnira ní 1956. Ọ̀rọ̀ náà fa ìjà, àwọn mínísítà mẹ́rin tí wọ́n jẹ́ ti Action Group sì kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀: Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí, Bọ̀dé Thomas, Arthur Prest àti Akíntọ́lá. Gómìnà Macpherson bọ́ sórí rédíò, ó dá wọn lẹ́bi lójú gbogbo ayé. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní kí wọ́n fún ẹgbẹ́ òun ní àyè láti fèsì lórí rédíò kan náà. Wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Ìbínú ọjọ́ náà kò tán. Nígbà tí òfin ìjọba ti 1954 fún àwọn ẹkùn lágbára láti ní ilé-iṣẹ́ rédíò tiwọn, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn mú iṣẹ́ ṣe, tí ó fi di pé ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Rédíò tirẹ̀, WNBS, sì tẹ̀lé e.

Láàárín ìgbà náà, Akíntọ́lá ti di mínísítà ìjọba àpapọ̀ fún ètò ìbánisọ̀rọ̀ àti ọkọ̀ òfuurufú ní 1957. Abẹ́ rẹ̀ ni tẹlifóònù àti wáyà wà. Tẹlifóònù ní ohun tí rédíò kò ní: ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ lè dáni lóhùn. Ṣùgbọ́n ta ni ó ní in? Nígbà tí Nàìjíríà fi máa gba òmìnira ní 1960, ìlà tẹlifóònù tí ó wà káàkiri ilẹ̀ wa jẹ́ 18,724, fún nǹkan bí ogójì mílíọ̀nù ènìyàn. Àwọn díẹ̀ tí wọ́n ń lò ó pàápàá, òṣìṣẹ́ tí ń so ìlà pọ̀ ní ilé ìfìwéránṣẹ́ lè gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ wọn bí ó bá fẹ́. Bí ìyá kan bá fẹ́ tẹ wáyà sí ọmọ rẹ̀ pé baba rẹ̀ ti kú, akọ̀wé tí ń ka iye ọ̀rọ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ òkú náà. Àṣírí tálákà kò ní ilẹ̀kùn.

Rédíò, ní tirẹ̀, ń tàn kálẹ̀. Ní Amẹ́ríkà ní 1947 ni wọ́n ti ṣe ohun kékeré kan tí wọ́n ń pè ní transistor. Nígbà tí ó fi máa di òpin àwọn ọdún 1950, rédíò kékeré tí ń lo bátìrì ti wà ní ọjà àgbáyé. Kò nílò wáyà, kò nílò iná ẹ̀lẹ́tíríìkì. Àgbẹ̀ lè gbé e lọ sí oko. Ẹ̀rọ tí ń gba èsì wà lọ́wọ́ àwọn díẹ̀, èyí tí kì í gba èsì sì ń bọ́ sọ́wọ́ gbogbo ènìyàn.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1959, Akíntọ́lá di Olórí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ilé-iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n sì bọ́ sábẹ́ ìjọba rẹ̀. Kò pẹ́ tí òun àti Awólọ́wọ̀ fi pínyà. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1962, Gómìnà Adérẹ̀mí yọ ọ́ nípò, ó fi Alhaji Dáúdà Adégbẹ́nró sí i. Àwọn aṣòfin fi àga jà nínú ilé ìgbìmọ̀ ní Ìbàdàn. Ìjọba àpapọ̀ gba àkóso lọ́wọ́ wọn. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 1963 Akíntọ́lá padà sórí àga. Ní 1964 ó dá ẹgbẹ́ NNDP sílẹ̀, tí àwọn ènìyàn ń pè ní Ẹgbẹ́ Dẹ́mọ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, Aláàfin Gbádégẹṣin Ládìgbòlù fi í jẹ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ní Ọ̀yọ́. Láti ìgbà tí Látóòsà ti Ìbàdàn ti kú ní 1885 ni oyè náà ti ṣófo. Inú Ògbómọ̀ṣọ́ dùn, nítorí ọmọ wọn jókòó sí ibi tí Tòyéjẹ jókòó sí láyé ijọ́un.

Lẹ́yìn èyí ni ìdìbò ọjọ́ 11 oṣù Kẹwàá ọdún 1965 dé. Àwọn ará ìlú dìbò ní àdúgbò wọn, wọ́n mọ ẹni tí àwọn àti aládùúgbò wọn dìbò fún. Nígbà tí rédíò ka èsì tirẹ̀, ní ibi púpọ̀ ni ohun tí etí gbọ́ kò ti bá ohun tí ojú rí mu. Adégbẹ́nró kéde pé ẹgbẹ́ tiwọn ni ó borí, àwọn aláṣẹ sì mú un. Kò sí ibi tí alátakò lè gbà dé orí afẹ́fẹ́. Ọkùnrin tí wọ́n dí lẹ́nu ní 1953 ni ó wà nídìí ẹ̀rọ ní 1965. Òtítọ́ ni pé òun nìkan kọ́ ni ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ìjọba Ìlà-Oòrùn ní Enugu àti ti Àríwá ní Kàdúná ní ẹ̀rọ tiwọn, agbọ̀rọ̀sọ ìjọba ni wọ́n sì fi wọ́n ṣe. Èyí kò dín ẹ̀bi kù.

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá, ọ̀rọ̀ Akíntọ́lá tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ sórí téèpù ni ó yẹ kí WNBS gbé jáde. Ọkùnrin kan wọlé pẹ̀lú ìbọn, ó ní kí àwọn òṣìṣẹ́ yọ téèpù náà, kí wọ́n fi òmíràn sí i. Àwọn tí wọ́n ń retí ohùn Olórí Ìjọba gbọ́ ohùn mìíràn tí ń sọ fún un pé kí ó kó ẹrù rẹ̀ kí ó máa lọ. Wọ́n fẹ̀sùn kan Wọlé Ṣóyínká. Adájọ́ Káyọ̀dé Ẹ̀sọ dá a sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ni Ṣóyínká fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé pé òun ni. Bí asọ̀rọ̀mágbèsì ṣe gba èsì nìyẹn, láti ẹnu ìbọn. Ní ìgboro, àwọn tí kò ní téèpù fi epo bẹntiróòlù fèsì. Wẹ́tìẹ̀ bẹ̀rẹ̀: ilé ń jó, ènìyàn ń jó, ọmọ ìyá ń lé ọmọ ìyá. A kò gbọdọ̀ yin irú èsì bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti ilẹ̀kùn mọ́ èsì tí ó tọ́, kí ó má yà á lẹ́nu bí èyí tí kò tọ́ bá gba ojú fèrèsé wọlé.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kìíní ọdún 1966, Akíntọ́lá fò lọ bá Sàrdáúnà ní Kàdúná, ó sì padà sí Ìbàdàn. Lóru ọjọ́ náà, àwọn ọmọ ogun tí Captain Nwobosi kó sòdí kọ́kọ́ mú igbákejì rẹ̀, Rẹ̀mí Fani-Káyọ̀dé. Ìtàn tí ìdílé náà ń sọ ni pé láti ilé wọn ni wọ́n ti fi tẹlifóònù ta Akíntọ́lá lólobó. Ẹ̀rọ tí ó ti wà lábẹ́ àkóso rẹ̀ rí ni ó jí i. Kakaǹfò kò sá. Ó gbé ìbọn, ó bá wọn jà kí wọ́n tó pa á ní ìdájí ọjọ́ 15. Ọdún márùndínlọ́gọ́ta ni ó lò láyé. Lọ́jọ́ náà gan-an ni Nzeogwu bọ́ sórí rédíò ní Kàdúná, tí ó ń ka òfin tuntun fún àwọn ènìyàn tí kò lè dá a lóhùn. Láti ìgbà náà ni gbogbo ológun tí ó bá fẹ́ gba ìjọba, ti 1976 àti ti 1983 pẹ̀lú, ti mọ ilé tí ó yẹ kí òun kọ́kọ́ dé.

Orúkọ Ládòkè wà lára yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tí a dá sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1990, tí a sì fi orúkọ rẹ̀ pè ní 1991. Láti 2001 tí tẹlifóònù alágbèéká ti dé, ẹni tí ń ta èlùbọ́ ní Ọjà Igbó lè pe ọmọ rẹ̀ ní Èkó láìtọrọ ààyè lọ́wọ́ akọ̀wé kankan, ó sì lè pe ilé-iṣẹ́ rédíò kí ó bá olóòtú jiyàn. Ó jọ pé asọ̀rọ̀mágbèsì ti kú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wò ó síwájú sí i. Fóònù tí ó wà lápò wa ń kọ ibi tí a lọ sílẹ̀, ó ń kọ ẹni tí a pè àti ohun tí a rà, àwọn tí ń kó ìwọ̀nyí jọ kì í sì í dáhùn bí a bá bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe. Ẹ̀rọ àtijọ́ ń sọ̀rọ̀ láìgbọ́. Ti òde òní ń gbọ́ láìsọ̀rọ̀. Ní 2023 ni Nàìjíríà ṣe òfin tí ó fún ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ohun tí wọ́n ń fi ìròyìn nípa rẹ̀ ṣe. Ẹ̀tọ́ tí a kò bá lò kò yàtọ̀ sí ẹ̀tọ́ tí a kò ní.

Àwa tí à ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ àti àwa tí à ń kọ́ èdè Yorùbá, iṣẹ́ kan náà ni ó wà níwájú wa. Bí ẹ̀rọ tuntun bá dé, kí a máa bi í ní ìbéèrè tí àwọn baba wa bi rédíò: bí o bá sọ tìrẹ, ṣé ìwọ yóò gbọ́ tèmi? Akíntọ́lá mọ èdè Yorùbá dé gongo, ó sì mọ ohun tí orúkọ náà túmọ̀ sí. Kí Elédùmarè jẹ́ kí àwa tí a mọ̀ ọ́n lẹ́yìn rẹ̀ rántí rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ bá bọ́ sí wa lọ́wọ́.