ISAAC FADOYEBO, ỌMỌ EMÙRÉ-ILÉ TÓ TỌ́JÚ ÀWỌN TÓ GBỌGBẸ́ LÓJÚ OGUN

Ẹ̀yin ará wa ní Douglasville àti gbogbo agbègbè Atlanta, lọ́dọọdún ní ìparí oṣù Karùn-ún ni Amẹ́ríkà ń ṣe ìrántí àwọn ológun rẹ̀ tó ti kú. Àwọn ọmọ wa mọ ọjọ́ náà dáadáa. Ó yẹ kí wọ́n mọ ìtàn ọmọ ilé wa kan pẹ̀lú.

Emùré-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀, tó wà ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó báyìí, ni wọ́n ti bí Isaac Fadoyebo ní ọdún 1925. Nígbà ogun Hítílà, ní ọdún 1942, ó lọ wọ iṣẹ́ ológun ní Abẹ́òkúta láìgba àṣẹ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Ọmọ ọdún 16 péré ni. Wọn kò fi í sáàárín àwọn tó ń yìnbọn. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn tó gbọgbẹ́ ni wọ́n kọ́ ọ.

Ní ọdún 1943, ọkọ̀ òkun kó òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Íńdíà. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti wọ Bọ́mà, pẹ̀lú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí wọ́n ń pè ní Dífíṣọ̀n 81. Àfonífojì odò Kaladan ni iṣẹ́ wọn wà. Kò sí ọ̀nà mọ́tò gidi níbẹ̀. Orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù, ọkọ̀ òfurufú ló sì ń ju oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn.

Ní oṣù Kẹta ọdún 1944, àwọn ọmọ ogun Japan dènà dè wọ́n létí odò náà. Ìbọn bá Isaac ní ẹsẹ̀ àti ní ikùn. Òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá wọn kú, ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ náà kú. Ẹni tó ń tọ́jú ọgbẹ́ ẹlòmíràn wá di ẹni tí kò lè dìde nílẹ̀. Nínú àwọn tó gbọgbẹ́ tó kù sínú igbó náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kú, títí ó fi ku òun àti Sájẹ́ǹtì David Kagbo, ọmọ Sierra Leone.

Àgbẹ̀ kan tó jẹ́ Mùsùlùmí, Shuyiman lorúkọ rẹ̀, ló ń gbé oúnjẹ wá fún wọn nínú igbó. Nígbà tó yá, ó gbé wọn wọ ilé ara rẹ̀. Bí àwọn ará Japan bá mọ̀, òun, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ ni wọn ì bá pa. Síbẹ̀ ó pa wọ́n mọ́, títí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi dé ní oṣù Kejìlá. Oṣù mẹ́sàn-án gbáko!

Isaac padà sílé, ó ń tiro. Ó ṣe iṣẹ́ ìjọba, ó gbéyàwó, ó bímọ. Ó kọ ìtàn ara rẹ̀ sínú ìwé, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1999. Ṣùgbọ́n gbèsè oore náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ní ọdún 2011, akọ̀ròyìn Barnaby Phillips bá a mú lẹ́tà lọ sí Bọ́mà. Shuyiman ti kú, ṣùgbọ́n ó rí àwọn ọmọ rẹ̀, wọ́n sì gbọ́ ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ náà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2012 ni Isaac dolóògbé.

Rohingya ni wọ́n ń pe ẹ̀yà Shuyiman. Ní ọdún 2017, ó lé ní 700,000 nínú wọn tó sá kúrò ní Bọ́mà lọ sí Bangladesh nítorí ìpakúpa. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ orúkọ wọn nínú ìròyìn, ẹ má ṣe kà wọ́n sí àjèjì. Inú ilé wọn ni ọmọ Yorùbá kan ti rí ẹ̀mí rẹ̀ he. Ẹ sọ ọ́ fún àwọn ọmọ yín, pàápàá àwọn tó fẹ́ wọ iṣẹ́ ológun tàbí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì: oore kì í gbé, a kì í sì í gbàgbé olóore.