MARIE CURIE: OBÌNRIN TÍ Ó GBÉ Ẹ̀RỌ X-RAY LỌ SÍ OJÚ OGUN

Ìfáàrà
Kí oníṣègùn tó lè wo aláìsàn sàn, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tí ó ń ṣe é. Bí ohun náà bá fara pamọ́ sínú ẹran ara, ojú lásán kò lè rí i. Ní ọdún 1895 ni Wilhelm Röntgen ṣàwárí ìtànṣán X-ray ní ilẹ̀ Jámánì. Ìtànṣán yìí ń la ẹran ara kọjá, ó sì ń jẹ́ kí egungun àti irin hàn nínú àwòrán. Marie Curie jẹ́ ọ̀kan pàtàkì lára àwọn tí ó gbé ìmọ̀ yìí tọ àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ lọ.

Ìbí àti Ẹ̀kọ́ rẹ̀
Ìlú Warsaw ní ilẹ̀ Pólándì ni a ti bí i ní ọjọ́ keje, oṣù kọkànlá, ọdún 1867. Maria Skłodowska ni orúkọ rẹ̀. Yunifásítì ìlú náà kò gba obìnrin láàyè nígbà náà. Ó ṣe iṣẹ́ olùkọ́ nínú ilé onílé kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin lè rí owó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Paris. Ní ọdún 1891, òun náà lọ síbẹ̀. Pierre Curie fi í ṣaya ní ọdún 1895, àwọn méjèèjì sì ṣàwárí polonium àti radium ní ọdún 1898. Ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1903 pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ àti Henri Becquerel. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin pa Pierre ní ọdún 1906. Marie nìkan ni ó gba ẹ̀bùn Nobel kejì ní ọdún 1911.

Iṣẹ́ rẹ̀ ní Ojú Ogun
Ogun àgbáyé kìn-ín-ní bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1914. Bí oníṣẹ́ abẹ kò bá mọ ibi tí ọta ìbọn wà, ńṣe ni yóò máa wá a kiri nínú ọgbẹ́. Ẹ̀rọ X-ray sì jìnnà sí ojú ogun. Curie tọrọ owó àti ọkọ̀ lọ́wọ́ àwọn olówó. Ó to ẹ̀rọ X-ray, ohun èlò fọ́tò àti dáínámò sínú ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ni ó ń yí dáínámò náà kí iná mànàmáná lè wà. Ó kọ́ ọkọ̀ wíwà, ó sì kọ́ ìmọ̀ nípa ẹ̀yà ara. Irène ọmọ rẹ̀, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 17, di olùrànlọ́wọ́ rẹ̀. Ó pèsè ọkọ̀ bíi 20, ó dá yàrá X-ray bíi 200 sílẹ̀, ó sì kọ́ obìnrin bíi 150 ní iṣẹ́ náà. A ṣírò pé àwọn tí a yẹ̀ wò lé ní mílíọ̀nù kan.

Ìkádìí
Tibi tire ni a dá ilé ayé. Ààbò lọ́wọ́ ìtànṣán kò tó nǹkan láyé ìgbà náà. Curie kú ní ọjọ́ kẹrin, oṣù keje, ọdún 1934. Àìsàn tí kì í jẹ́ kí mùdùnmúdùn egungun pèsè ẹ̀jẹ̀ tó ni ó pa á, a sì gbà pé ìtànṣán ni ó fà á. Ní ọdún 1995, ilẹ̀ Faransé gbé òkú rẹ̀ àti ti ọkọ rẹ̀ lọ sí Panthéon. Lónìí, òṣìṣẹ́ X-ray a máa fi òjé dáàbò bo ara rẹ̀. Bí aláìsàn kò bá ṣeé gbé, a máa ń ti ẹ̀rọ náà lọ bá a lórí ibùsùn. Ọgbọ́n tí Curie lò lójú ogun náà nìyẹn.