Ta Ni Ó San Owó Ẹ̀kọ́ Idà? Ìtàn Ìgbésí Ayé Joseph Bologne, Chevalier de Saint-Georges

 

Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ àlùfáà, ìbéèrè kan wà tí àwọn òbí kì í yé bi mí. Wọ́n á ní owó ilé-ìwé ti pọ̀ jù, owó ìwé wà níbẹ̀, owó oúnjẹ wà níbẹ̀. Kí ni ó wá dé tí a tún fi ń ná owó lórí eré ìdárayá? Èrè wo ni ó wà nínú rẹ̀ fún ọmọ? Bàbá tèmi náà bi ara rẹ̀ ní irú ìbéèrè yìí ní ọdún tí a yàn mí mọ́ àwọn tí yóò sáré fún ilé-ẹ̀kọ́ wa, tí n kò sì ní bàtà. Kòkó kò lówó lórí ní ọdún náà. Síbẹ̀ ó ra bàtà náà, kò sì sọ ohun tí ó tà fún mi. Èmi yóò padà sórí ọ̀rọ̀ bàtà yìí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìtàn ọmọkùnrin kan tí bàbá rẹ̀ fi sí ilé-ẹ̀kọ́ tí a ti ń kọ́ ìjà idà, ní ohun tí ó ti lé ní igba ọdún sẹ́yìn.

Joseph Bologne ni orúkọ rẹ̀. Ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 1745 ni a bí i, ní erékùṣù Guadeloupe tí ó wà lábẹ́ ìjọba Faransé nínú òkun Kàríbíánì. Bàbá rẹ̀, George Bologne de Saint-Georges, jẹ́ aláwọ̀ funfun olówó tí ó ní oko ìrèké àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹrú. Ìyá rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Nanon, jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin adúláwọ̀, ọ̀kan nínú àwọn ẹrú náà. Òfin àwọn Faransé nígbà náà sọ pé ipò ìyá ni ipò ọmọ: ẹrú ni ẹrú ń bí. Bí ó ti wù kí bàbá lówó tó, inú ìgbèkùn ni wọ́n ti gbé ọmọ náà jáde.

Kí ọmọ náà tó pé ọdún mẹ́ta ni idà ti kọ́kọ́ wọ inú ìtàn rẹ̀, kì í sì í ṣe ní ọ̀nà rere. Ní ọdún 1747, ìjà dé láàrin George àti ọkùnrin kan, wọ́n fa idà yọ sí ara wọn, ọkùnrin náà sì kú lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. George sá lọ sí ilẹ̀ Faransé. Wọ́n dá a lẹ́bi ikú lẹ́yìn rẹ̀, kí ọba Louis Kẹẹ̀ẹ́dógún tó wá dárí jì í. Mo máa ń rò ó pé bàbá tí ó ti rí ohun tí idà lè ṣe lọ́wọ́ ẹni tí inú ń bí, òun gan-an ni ó lè mọ̀ pé ó sàn kí ọmọ òun kọ́ idà lọ́dọ̀ ẹni tí yóò kọ́ ọ ní ìkóra-ẹni-níjàánu pẹ̀lú rẹ̀.

Ní ọdún 1753, nígbà tí Joseph jẹ́ ọmọ ọdún méje, bàbá rẹ̀ mú un gba orí òkun lọ sí ilẹ̀ Faransé láti lọ kàwé. Ìyá rẹ̀ kò bá wọn lọ nígbà náà. Ó di ọdún 1755 kí Nanon tó gúnlẹ̀ sí èbúté Bordeaux. Ẹ̀yin tí ẹ ti fi ọmọ ọdún mẹ́wàá sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé wa rí, tí ẹ yí ojú padà kí ọmọ má baà rí omi ojú yín, ẹ mọ̀ pé èyí náà wà lára owó ilé-ẹ̀kọ́, bí a kò tilẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé owó.

Nígbà tí ó pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá, bàbá rẹ̀ fi í sí ilé-ẹ̀kọ́ tí Texier de La Boëssière dá sílẹ̀ ní Paris. Ilé àwọn ọmọ ọlọ́lá ni. Wọ́n ń kọ́ ìṣirò níbẹ̀, wọ́n ń kọ́ ìtàn, èdè, orin àti ijó. Wọ́n sì ń kọ́ ẹṣin gígùn àti ìjà idà. Ọdún mẹ́fà ni ó lò lábẹ́ òrùlé olùkọ́ náà. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: owó olùkọ́, owó ibùgbé, owó aṣọ, owó idà tí ó ń tẹ̀ tí ó sì ń ṣẹ́, fún odindi ọdún mẹ́fà. Ẹni tí kò ní oko ìrèké kò lè gbèrò rẹ̀.

Owó nìkan kọ́ ni ewu tó wà níbẹ̀. Idà tí wọ́n fi ń dánrawò tẹ́ẹ́rẹ́, orí rẹ̀ kò sì mú, ṣùgbọ́n ojú kì í ṣe ohun tí irin ń bá ṣeré. Àwọn àgbà wí pé igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Nítorí èyí ni wọ́n fi ṣe òfin tí ó le: àyà nìkan ni a lè fi orí idà kàn, ẹni tí a bá sì dojú idà kọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbá idà ẹnìkejì dànù kí òun tó lè dá a padà. La Boëssière yìí kan náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣe ìbòjú tí a fi okùn irin hun, irú èyí tí àwọn eléré idà ń wọ̀ títí di òní. Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú òfin náà kò kéré. Ọmọ tí ó ti mọ́ lára láti gba ara rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó kọlu ẹlòmíràn, tí ó mọ̀ pé a kì í fi ìbínú gbé idà, ti kọ́ ohun tí bàbá Joseph kò mọ̀ ní ọdún 1747.

Ọmọ náà yára bí àrá. Ọmọ tí olùkọ́ náà bí, tí òun náà di olùkọ́ idà, kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn náà pé ní ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, Joseph ti ń borí àwọn tí ó mọ idà jù lọ. Òkìkí rẹ̀ kàn dé etí Alexandre Picard, olùkọ́ idà ní ìlú Rouen, ẹni tí ó ń fi àwọ̀ ara ọmọ náà ṣe ẹlẹ́yà níta gbangba. Joseph kò kọ́kọ́ fẹ́ lọ bá a jà, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ rọ̀ ọ́. Ó lọ sí Rouen, ó sì borí ọkùnrin náà lójú gbogbo ayé. Bàbá rẹ̀ fi ẹṣin àti kẹ̀kẹ́ ẹṣin ta á lọ́rẹ. Èrè tí ojú rí nìyẹn, inú wa sì máa ń dùn sí irú rẹ̀, bí ìgbà tí a bá gba ife-ẹ̀yẹ lọ́jọ́ eré ìje.

Ṣùgbọ́n èrè kan wà tí mo kà sí ju kẹ̀kẹ́ ẹṣin lọ. Ní ọdún 1762, ìjọba pàṣẹ pé kí gbogbo adúláwọ̀ tí ó wà ní Paris lọ fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn aláṣẹ. Àṣẹ ìtìjú ni, ó sì léwu, nítorí ọ̀nà àtikó àwọn ènìyàn padà sí oko ẹrú ni ọ̀pọ̀ rí i sí. La Boëssière, olùkọ́ rẹ̀, ni ó lọ fi orúkọ Joseph sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ fi ojú inú wo olùkọ́ náà níwájú akọ̀wé, tí ó dúró bí bàbá fún ọmọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún àwọn òbí pé bí ẹ bá ń wá ibi tí ọmọ yín yóò ti kọ́ eré, ẹ wo ẹni tí yóò kọ́ ọ kí ẹ tó wo pápá.

Ní ọdún 1766, ó bá Giuseppe Faldoni, onídà láti ilẹ̀ Ítálì, díje ní Paris, Faldoni sì borí rẹ̀. Kò sá, kò bínú. Faldoni fúnra rẹ̀ sì jẹ́rìí lẹ́yìn náà pé Joseph ni onídà tí ó pegedé jù lọ ní ilẹ̀ Yúróòpù. Ó sàn kí ọmọ kọ́ bí a ti ń pàdánù lórí pápá eré ju kí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ ọ nígbà tí ó bá ti ní ìyàwó àti ọmọ. Ọdún náà ni a sọ ọ́ di ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ ọba, tí a sì ń pè é ní Chevalier de Saint-Georges.

Nígbà náà ni orin gba ipò kejì lọ́wọ́ idà. Ó ti di àgbà ọ̀jẹ̀ nínú fáólíìnì títa, àwọn ìka tí idà ti sọ di yíyára sì rìn lórí okùn rẹ̀. Ní ọdún 1773 ó di olórí ẹgbẹ́ olóhun-èlò tí à ń pè ní Concert des Amateurs, ó sì sọ ọ́ di ọ̀kan nínú èyí tí ó dára jù lọ ní Yúróòpù. John Adams, tí ó padà di ààrẹ kejì fún ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí rẹ̀ ní ọdún 1779 pé kò sí ẹni tí ó pé tó ọkùnrin yìí ní Yúróòpù nínú ẹṣin gígùn, idà, ijó àti orin. Ẹgbẹ́ mìíràn tí ó darí lẹ́yìn náà ni ó gbé iṣẹ́ orin mẹ́fà fún Joseph Haydn, èyí tí ayé mọ̀ sí orin Paris títí di òní.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé gbogbo ilẹ̀kùn ni ó ṣí. Ní ọdún 1776 wọ́n dárúkọ rẹ̀ láti ṣe olùdarí Opéra, ilé eré olórin tí ó ga jù lọ ní ilẹ̀ náà. Mẹ́ta nínú àwọn gbajúmọ̀ obìnrin tí ń kọrin tí wọ́n sì ń jó níbẹ̀ kọ̀wé sí ayaba Marie Antoinette pé àwọn kò lè gba àṣẹ lẹ́nu ọmọ adúláwọ̀. Kò rí ipò náà gbà. Ní ọdún 1774 tí bàbá rẹ̀ sì ti kú, ọmọbìnrin tí ìyàwó ilé bí fún bàbá rẹ̀ ni ó jogún. Owó ọdọọdún tí bàbá ti yà sọ́tọ̀ fún un kò tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ mọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni ó ń jẹ. Òtítọ́ ọ̀rọ̀ ni pé ẹ̀kọ́ kò lè mú òṣìkà ronú pìwà dà. Ohun tí ó lè ṣe ni pé kí ilẹ̀kùn tí a tì má ṣe jẹ́ òpin ọ̀nà fún ẹni tí a tì í mọ́.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1787, ó fi idà ṣe àfihàn ní London níwájú ọmọ ọba Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ìyípadà ìjọba dé bá ilẹ̀ Faransé, idà tí ó ti fi ṣeré wá di idà ogun. Ní ọdún 1792 a fi í ṣe kọ́nẹ́ẹ̀lì lórí ẹgbẹ́ ọmọ-ogun adúláwọ̀ tí a ń fi orúkọ rẹ̀ pè. Lára àwọn ọ̀gágun abẹ́ rẹ̀ ni Thomas-Alexandre Dumas, bàbá òǹkọ̀wé nì, Alexandre Dumas. Ṣùgbọ́n ọdún kejì kò tíì parí tí ìjọba tí ó ń jà fún fi yọ ọ́ nípò, tí wọ́n sì jù ú sí ẹ̀wọ̀n láìdá a lẹ́jọ́. Inú ẹ̀wọ̀n ni ó wà ní oṣù kejì ọdún 1794, nígbà tí ìjọba Faransé fi òpin sí oko ẹrú ní àwọn erékùṣù rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tú u sílẹ̀. Ó kú ní Paris ní oṣù kẹfà ọdún 1799, láìní ìyàwó, láìní ọrọ̀.

Ẹ̀yin ará, mo ti bi yín léèrè ní òkè ìwé yìí ẹni tí ó san owó ẹ̀kọ́ idà náà. A lè tètè dáhùn pé George ni. Ṣùgbọ́n níbo ni George ti rí owó? Àwọn tí ó ń bẹ ìrèké lábẹ́ oòrùn Guadeloupe, tí wọ́n jẹ́ ẹ̀jẹ̀ kan náà pẹ̀lú ìyá ọmọ náà, tí ọmọ tiwọn kò sì ní di idà mú láéláé, àwọn ni wọ́n san án. Orúkọ wọn kò sí nínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́ kankan. Ohun tí ó mú mi fẹ́ràn ìgbẹ̀yìn ayé Saint-Georges ju ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ nìyí: ọkùnrin tí ọba ti pọ́n lé fi ìrọ̀rùn sílẹ̀, ó sì gun ẹṣin ṣáájú àwọn ènìyàn ìyá rẹ̀. Mo gbà pé gbèsè ni ó ń san.

Napoleon dá oko ẹrú padà ní ọdún 1802, Ọ̀gágun Richepance ni ó sì fi ipá ṣe é ní Guadeloupe. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni òpópónà kan ní Paris fi ń jẹ́ orúkọ ọ̀gágun náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tí a wà yìí, wọ́n yọ orúkọ náà kúrò, wọ́n sì fi ti Chevalier de Saint-Georges rọ́pò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Olúwa kì í yára, ṣùgbọ́n kì í kùnà.

Nísinsin yìí, ọ̀rọ̀ bàtà. Mo ti di àlùfáà kí n tó gbọ́ pé aṣọ òkè tí ìyá mi fi ṣe ìgbéyàwó ni wọ́n tà láti fi rà á. N kò gba ipò kìn-ín-ní lọ́jọ́ náà. Ipò kẹrin ni mo ṣe. Bí a bá ní ká wò ó bí ọjà, a jẹ́ pé àdánù ni. Ṣùgbọ́n ìgboyà tí mo fi ń dúró níwájú ìjọ láti ọdún yìí wá, orí pápá ilé-ẹ̀kọ́ yìí ni mo ti kọ́kọ́ kọ́ ọ, pẹ̀lú bàtà náà ní ẹsẹ̀ mi.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, bí agbára bá wà, ẹ san án. Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ bèèrè ohun tí wọ́n tà. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi akẹ́kọ̀ọ́jáde, àwọn ọmọ kan wà nínú ọgbà yìí lónìí tí ẹsẹ̀ wọn yá, tí ọwọ́ wọn yá, tí kò sì sí aṣọ òkè kankan mọ́ nílé wọn tí a lè tà. Àwọn kan ti san tiwa. Ó kù sí wa lọ́wọ́.