Ojeikere, Ayàwòrán Irun Dídì

Ní 1930 ni a bí J. D. 'Okhai Ojeikere sí Ovbiomu-Emai, ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó òní. Ó ra kámẹ́rà Brownie ní 1950. Iṣẹ́ gbé e dé Ìbàdàn, ó sì wọ Èkó ní 1963. Láti 1968 ni ó ti ń ya irun dídì, láti ẹ̀yìn orí lọ́pọ̀ ìgbà, kí iṣẹ́ ọwọ́ onídìrí lè hàn ketekete. Irun tí a bá dì, dandan ni kí a tú u. Fọ́tò tirẹ̀ kò tú. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,000 kí ó tó kú ní 2014. Àwọn ọmọ wa ní Ojú Ẹlẹ́gbà tí wọ́n ṣe ìwádìí iṣẹ́ rẹ̀ dá ṣùkú mọ̀ kíá. Ní ti onílé gogoro, àwọn ìyá àgbà wọn ni wọ́n lọ bi.