Fábùnmi Òkè-Ìmẹ̀sí

Kò sí ilẹ̀ tí kò ní ìtàn akọni onídà tirẹ̀. Ní ilẹ̀ Japan, àwọn ayàwòrán a máa fi àwòrán tẹ̀lé àwòrán sọ ìtàn jagunjagun tí ó fi idà kọ́ èjìká, tí ó ń rìn láti ìlú dé ìlú, tí ọmọdé kan sì ń tẹ̀lé e lẹ́yìn. Àwọn ọ̀dọ́ gbogbo ayé fẹ́ràn irú ìtàn bẹ́ẹ̀, nítorí pé bí àgbà ti ń fi idà jà nínú rẹ̀ ni ọmọdé ń kọ́ ìgbà tí ó yẹ kí a yọ idà àti ìgbà tí ó yẹ kí a dá a padà sínú àkọ̀. Ní ilẹ̀ Èkìtì, a kò ní láti rékọjá òkun kí a tó rí irú ìtàn yìí. Ó ṣẹlẹ̀ láàárín òkè àti àfonífojì ilẹ̀ náà gan-an, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó sì yọ idà náà ni Fábùnmi, ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí.

Ní nǹkan bí ọdún 1849 ni a bí Fábùnmi, ní ìdílé ọba ní Òkè-Ìmẹ̀sí, ìlú kan tí ó wà láàárín òkè, níbi tí ilẹ̀ Èkìtì gbé bá ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà pààlà. Orúkọ rẹ̀ fi hàn pé àwọn òbí rẹ̀ gbà pé Ifá ni ó fi ọmọ náà ta wọ́n lọ́rẹ. Ní ayé ìgbà náà, ọmọkùnrin kì í dàgbà tán kí ó tó mọ oko í ro, kí ó tó mọ igbó í dẹ, kí ó sì tó mọ ohun ìjà í lò, nítorí pé ogun kò jìnnà sí ẹnu odi ìlú kankan. Ẹni tí ó sùn lónìí kò mọ̀ bóyá inú ìdè ni òun yóò jí sí lọ́la.

Ilẹ̀ Èkìtì kò ní olórí kan ṣoṣo láyé ìgbà náà. Láti Òmùò ní ìlà-oòrùn títí dé Òkè-Ìmẹ̀sí ní ìwọ̀-oòrùn, láti Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Ẹmùrẹ́ ní gúúsù títí dé àwọn ìlú ìhà àríwá, olúkúlùkù ìlú ni ó ń dá ọba tirẹ̀ jẹ. Ọba kan kò pàṣẹ fún èkejì, ìlú kan kò sì fi dandan ran èkejì lọ́wọ́ ní ọjọ́ ìpọ́njú. Nígbà tí ilẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́ ti fọ́, tí Ìbàdàn sì ti di ìlú alágbára, àwọn ológun Ìbàdàn ń bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan sí àwọn ìlú Èkìtì, wọ́n sì ń ṣẹ́gun wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń ṣẹ́ igi ìdáná tí a kò dì ní ìdì.

Nígbà tí Ìbàdàn bá ti ṣẹ́gun ìlú kan, wọn a fi ajẹ́lẹ̀ síbẹ̀. Iṣẹ́ ajẹ́lẹ̀ ni láti máa gba ìṣákọ́lẹ̀ ránṣẹ́ sí Ìbàdàn, kí ó sì máa ṣọ́ ìlú náà kí ó má baà ṣọ̀tẹ̀. Ìlú ni yóò bọ́ ajẹ́lẹ̀, ìlú ni yóò bọ́ àwọn ìyàwó rẹ̀, ìlú náà ni yóò sì bọ́ ogunlọ́gọ̀ àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ajẹ́lẹ̀ kan bá jẹ́ ènìyàn rere, ìlú a rára gba ìyà náà sí. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn kò mọ ìwọ̀n ara wọn. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn wọn a máa wọ oko olóko, wọn a máa mú ẹran ẹlẹ́ran, wọn a sì máa fi ọwọ́ kan aya aláya. Ọba ìlú yóò rí i, kò sì ní lè sọ̀rọ̀.

Ajẹ́lẹ̀ tí ó wà ní Òkè-Ìmẹ̀sí ní ọdún 1878 ni Oyèpẹ̀tùn. Ọ̀nà tí àwọn ènìyàn ń gbà sọ ìtàn ohun tí ó dá ìjà sílẹ̀ kò dọ́gba, ṣùgbọ́n ohun kan ni ó wà ní ìdí rẹ̀: a fi ìwọ̀sí lọ Fábùnmi lórí ọ̀rọ̀ aya rẹ̀, nínú ìlú tí a gbé bí i, láàárín àwọn ènìyàn tirẹ̀. Fábùnmi kò tíì pé ẹni ọgbọ̀n ọdún nígbà náà. Ara rẹ̀ kò gba ìyà náà mọ́. Ó yọ idà, ó sì bẹ́ orí ajẹ́lẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ohun kékeré ni èyí. Ẹni tí ó pa ajẹ́lẹ̀ ti fi ẹ̀mí gbogbo ìlú rẹ̀ wewu, nítorí pé Ìbàdàn kì í bi ẹni tí ó jẹ̀bi yàtọ̀ sí ẹni tí kò jẹ̀bi nígbà tí ó bá dé láti gbẹ̀san. Àwọn ìlú kan ti parun nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí kò tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Òkè-Ìmẹ̀sí ìbá ti di Fábùnmi lókùn kí wọ́n sì fi í ránṣẹ́ sí Ìbàdàn, kí wọ́n baà lè gba ara wọn là. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé ohun tí ó ṣe é ti ń ṣe olúkúlùkù wọn tipẹ́, wọ́n sì dúró tì í.

Fábùnmi pẹ̀lú kò jókòó lásán kí ó máa retí ogun. Ó mọ̀ pé ìlú kan kò lè dá dojú kọ Ìbàdàn, nítorí náà ni a ṣe rán oníṣẹ́ lọ sí àwọn ìlú yòókù pé kí olúkúlùkù wọn dìde sí ajẹ́lẹ̀ tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ràn bí iná ọyẹ́. Ní ìlú púpọ̀ ni a gbé pa ajẹ́lẹ̀. Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà dìde pọ̀, àwọn ará Àkókó àti Ìgbómìnà sì dára pọ̀ mọ́ wọn. Báyìí ni àwọn ìlú tí kò gbọ́ ara wọn yé rí ṣe di ọ̀kan, tí a sì ń pè wọ́n ní Èkìtìparapọ̀. Àkókò náà wọ̀ fún wọn, nítorí pé láti ọdún 1877 ni Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ti ń bá Ìbàdàn jà ní ìhà gúúsù.

Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ ogun náà kò rọrùn. Fábùnmi wà lára àwọn tí ó kó ogun Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà lọ sí ìhà Ìkìrun, níbi tí àwọn ará Ìlọrin gbé wá bá wọn láti gbógun ti Ìbàdàn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1878, Balógun Àjàyí Ògbóríẹfọ̀n ti Ìbàdàn kọlù wọ́n, ó sì tú wọn ká pátápátá. Bí wọ́n ti ń sá lọ, púpọ̀ nínú àwọn tí ń sá ni ó kú sínú odò Ọ̀tìn. Ìdí nìyí tí a fi ń pe ogun náà ní ogun Jálumi. Ní ọjọ́ náà ni Fábùnmi mọ̀ pé ìgboyà nìkan kò tó í ṣẹ́gun. Ẹni tí ó lè fi idà pa ènìyàn kan lè má tíì mọ bí a ti ń kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn lọ sójú ogun kí a sì kó wọn bọ̀.

Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ni Ògèdèǹgbé, akọni Ìjẹ̀ṣà. Ògèdèǹgbé ju Fábùnmi lọ dáadáa ní ọjọ́ orí, ojú rẹ̀ sì ti rí ogun púpọ̀. Nígbà èwe rẹ̀ ni a mú un lẹ́rú lọ sí Ìbàdàn, níbi tí ó gbé wà lẹ́yìn ológun kan tí a ń pè ní Badà Akíìíkọ́, tí ó sì kọ́ gbogbo ọgbọ́n ogun Ìbàdàn. Nígbà tí ó padà sílé, òun ni ó ṣáájú àwọn ará Iléṣà láti dojú kọ Ìbàdàn títí ìlú náà fi ṣubú ní ọdún 1870. Lẹ́yìn èyí ni ó lọ tẹ̀dó sí Ìta-Ògbólú. A kò gbọdọ̀ fi òótọ́ pamọ́: Ògèdèǹgbé fúnra rẹ̀ kó ìlú púpọ̀ lẹ́rú ní Èkìtì àti ní Àkókó kí ogun yìí tó dé. Nítorí náà kì í ṣe gbogbo ìlú ni ó fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tí a sì kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí i pé kí ó wá, kò tètè dáhùn.

Nígbà tí ó dé níkẹyìn, ọ̀rọ̀ ńlá kan dìde tí ó ju ọ̀rọ̀ idà lọ. Fábùnmi ni ó dá ogun náà sílẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ ń pè bí wọ́n bá ń lọ sójú ìjà. Ìbá ṣe ẹlòmíràn ni, ìbá sọ pé òun kò lè di ọmọ ẹ̀yìn ẹni tí ó dé lẹ́yìn, ìjọba Èkìtìparapọ̀ ìbá sì pín sí méjì kí ogun tó gbóná. Fábùnmi kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó mọ̀ pé bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó o. Ògèdèǹgbé di olórí gbogbo ogun, Fábùnmi sì wà lára àwọn balógun tí ń jà lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀dọ́ tí ó tanná ran igbó ni ó di ẹni tí ń tẹ̀ lé ìpasẹ̀ àgbà.

Àwọn Èkìtìparapọ̀ pa ibùdó sí Ìmẹ̀sí-Ilé, Ìbàdàn sì pa tirẹ̀ sí ẹ̀bá Ìgbájọ, lábẹ́ Látòósà, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò. Ọdún dé, ọdún kọjá, wọn kò kúrò níbẹ̀. Ibùdó di ìlú. A kọ́ ilé, a dá oko, a bí ọmọ síbẹ̀. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí ó wà ní Èkó kò gbàgbé ilé. Wọ́n dá ẹgbẹ́ Èkìtìparapọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Philip Jose Meffre, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí ó ti ilẹ̀ Brazil padà dé, wà lára àwọn aṣáájú rẹ̀. Wọ́n ra ìbọn ìgbàlódé tí a ń ti ìdí ki ọta sí, wọ́n sì fi í ránṣẹ́ sí ojú ogun. Kí ẹni tí ó ń lo ìbọn ṣakabùlà tó ki ẹ̀tù lẹ́ẹ̀kan, oníbọn tuntun ti yìn ín lọ́pọ̀ ìgbà. Ìró ìbọn ńlá tí ń dún láti òkè dé òkè ni ó fún ogun náà ní orúkọ rẹ̀, Kírìjí.

Látòósà kú sí ibùdó ní ọdún 1885, láìrí ìṣẹ́gun. Gbogbo ènìyàn ni ogun ti sú. Ìjọba Èkó rán àlùfáà méjì, Samuel Johnson àti Charles Phillips, láti bá ìhà méjèèjì sọ̀rọ̀, a sì fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹsàn-án ọdún 1886. Nínú àdéhùn náà ni a gbé gbà pé Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ti di òmìnira kúrò lábẹ́ Ìbàdàn. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ Ìlọrin àti ti Modákẹ́kẹ́ kò jẹ́ kí àlàáfíà pé, títí Gómìnà Carter fi wá tú àwọn ológun ká ní ọdún 1893. Láti ọdún tí ìjà ti kọ́kọ́ bẹ́ sílẹ̀ ní gúúsù di ọdún yìí, ọdún mẹ́rìndínlógún ni àwọn ọmọ Oòduà fi ń pa ara wọn.

Ògèdèǹgbé padà sí Iléṣà, ó sì di Ọbańlá. Ní ọdún 1910 ni ó kú. Fábùnmi ní tirẹ̀ padà sí ilé, ó sì jọba lórí àwọn ènìyàn rẹ̀ títí ikú fi mú un lọ ní ọdún 1903. Ìlú tí ìbá ti fi í lé ọ̀tá lọ́wọ́ ni ó fi adé dé e lórí.

Púpọ̀ nínú àwọn tí ó gbọ́ ìtàn Fábùnmi ni ó máa ń rántí ọjọ́ kan ṣoṣo nínú ayé rẹ̀, ọjọ́ tí ó yọ idà. Lóòótọ́, ọjọ́ náà kò ṣeé gbàgbé, nítorí pé ó já okùn ẹrú kúrò lọ́rùn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú. Ṣùgbọ́n ìbínú lè mú ẹnikẹ́ni yọ idà. Ohun tí ó ṣòro ju èyí lọ ni kí ènìyàn gba pé òun kò tó nǹkan kan í ṣe, kí ó sì bọ́ sẹ́yìn fún ẹni tí ó tó o. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà, bí olúkúlùkù ìka bá sì fẹ́ jẹ́ àtàǹpàkò, ọwọ́ kò ní lè di ohun kan mú. Bí Fábùnmi bá ti kọ̀ láti tẹ̀ lé àgbà, idà tí ó yọ ní ọdún 1878 ìbá ti di ìparun Òkè-Ìmẹ̀sí nìkan. Nítorí pé ó gbà, ó di òmìnira gbogbo Èkìtì.